Ìwé "Kò Sí Kòkòrò" tí Mo Fọwọ́ Sí

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo kọ sínú ìwé náà: Kò sí kòkòrò. Mo fọwọ́ sí i, mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, mo bá oúnjẹ ọ̀sán mi lọ. Mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan nígbà náà ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan nílùú Ìbàdàn, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé mo mọ iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí dókítà bá fura sí kòkòrò àìfojúrí níbì kan lára aláìsàn, a ó fi òwú nu ojú ibẹ̀, a ó fi òwú náà ra inú àwo pẹrẹsẹ tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, a ó sì gbé e sínú àpótí olóoru di ọjọ́ kejì. Bí kòkòrò bá wà, yóò hù. Èyí tí à ń pè ní sitáàfù a máa hù ní àmì kéékèèké aláwọ̀ wúrà. Lóde òní, gbogbo ẹni tó ń ta àgbo nínú mọ́tò ló ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba èrò ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà àwa díẹ̀ la mọ̀ ọ́n.

Ọmọ tuntun kan ni wọ́n gbé wá lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Awọ àyà àti itan rẹ̀ lé ròrò, ó sì ń bó, àfi bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Rájí, bàbá ọmọ náà, télọ̀ ni ní Bẹẹrẹ. Ìyá Rájí ló ń wẹ ọmọ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ní agbo ilé wọn lẹ́yìn Mápó, bó ṣe wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé náà: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kànrìnkàn, ọṣẹ dúdú, kó tó fi aṣọ tó yá níwájú àtùpà tẹ ìdodo. Òun ni gbogbo ojú yí sí.

"Omi náà ò gbóná," ló ń sọ ṣáá. "Mo tọ́ ọ wò kí n tó dà á sí i lára."

Èmi náà ò gbà á gbọ́. Mo fa omi inú ìléròrò, mo gbìn ín, kò sì hu nǹkan kan. Rájí mọ̀wé kà. Ó gba èsì náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sílé, ó dúró ní gbàgede, ó kà á sétí gbogbo agbo ilé, ó ní bí kò bá sí kòkòrò, a jẹ́ pé omi gbígbóná ni, òun ò sì fẹ́ kí ìyá òun fọwọ́ kan ọmọ òun mọ́. Ìyá àgbà náà di ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà.

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Láwuyì, ọ̀gá wa, ti ìsinmi dé. Gbogbo ìwé tí a bá fọwọ́ sí ló máa ń kà.

"Níbo lo ti mú omi yìí?"

"Nínú ìléròrò ni, sà."

"O ò nu ìdodo? O ò nu imú?"

"Kò sí egbò níbẹ̀, sà."

Kò pariwo. Ó ṣáà mú mi lọ sí wọ́ọ̀dù. Awọ ti ń bó lábẹ́ apá ọmọ náà àti lẹ́yìn etí rẹ̀, níbi tó ń dán gbinrin nígbà tí wọ́n gbé e dé. "Ta ló tún fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ níbí?" ló bi mí.

Ibẹ̀ ló ti là mí lóye. Sitáàfù wà nímú ọ̀pọ̀ nínú wa láìṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn ìran kan wà nínú wọn tí wọ́n jogún oró. Bí wọn yóò ṣe pèsè oró náà wà nínú àbùdá wọn, wọ́n sì ń fi lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Irú wọn lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìdodo ọmọ, kí wọ́n máa tu oró sínú ẹ̀jẹ̀, kí awọ sì máa bó níbi tí kòkòrò kankan kò sí. A ò ní ẹ̀rọ tí a lè fi rí àbùdá náà, ṣùgbọ́n kòkòrò fúnra rẹ̀ kò ní lè sá fún wa. Mo nu ìdodo. Lọ́jọ́ kejì, àwo mi kún fún àmì aláwọ̀ wúrà. Dókítà tí Bàbá Láwuyì ti bá sọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ dúró dè mí kó tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí awọ tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọmọ náà.

Ojú ti Rájí, ẹ̀rù bà mí. Àwa méjèèjì ń sún ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ síwájú títí wọ́n fi dá ọmọ náà sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù pé kó máa lọ sílé.

"Ìwọ lo kọ ìwé yẹn," ni Bàbá Láwuyì wí. "Ìwọ ni wàá lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe."

Mo bá Rájí lọ sí Bẹ́yẹrúnkà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, mo ro gbogbo ẹjọ́ mi. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Ìwọ náà, ọmọ yìí, ṣé o rò pé mo fi omi gbígbóná jó ọmọ ọmọ mi?"

Mo fẹ́ parọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ṣeun tí o sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ibí kọ́ ni wọ́n ti ka ìwé yẹn."

Ó gbé ìborùn lé èjìká, ó ṣáájú wa. Nígbà tí a dé gbàgede wọn, Rájí pe gbogbo ilé jáde. Mo sọ ọ́ sókè pé omi Ìyá Rájí kò jó ọmọ, pé ibi tí kò yẹ ni èmi wò, mo sì fọwọ́ sí ohun tí n kò mọ̀. N kò tijú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, títí tí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìyàwó Rájí gbé ọmọ náà jáde nínú yàrá, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyá," ló wí, "ọmọ yín ò tíì wẹ̀ láti àárọ̀."

Ìyá àgbà náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ìborùn rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi wá.