Omi Ìjórà àti Lẹ́tà Tí Wọ́n Kọ Sílé Wa

Ọ̀gá ológun kan ló pàṣẹ tí kò mọ́gbọ́n dání, ẹ̀gbọ́n mi ló fi ẹ̀mí dí i, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ni wọ́n dá lẹ́bi.

Yunifásítì ní Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà, ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Kí n tó dé ilé wa ní Yábàá, wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́tà àwọn ológun wà lórí tábìlì ní pálọ̀. Tíṣà ni bàbá mi, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò lè túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ti lẹ́tà náà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n kọ ọ́ pé kọ́púrà náà, bí wọ́n ṣe ń pe oyè ẹ̀gbọ́n mi, kúrò ní àyè rẹ̀ láìgbàṣẹ, ìyẹn ló sì ṣekú pa á.

“Kí ni wọ́n ní ọmọ mi ṣe?” ìyá mi béèrè.

Mo ní wọ́n yìn ín ni. Irọ́ ni mo pa.

Lọ́sẹ̀ kejì, sójà kan tó jẹ́ ọmọ Mushin wá kí wa. Kò gbà láti jókòó. Ó ní etí ọ̀sà ní Ìjórà ni àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ́ bí a ṣe ń fẹsẹ̀ la omi kọjá tẹrù-tẹrù. Ẹgbẹ́ kan ti kọjá láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí omi fà, tí kò ju orúnkún lọ. Ọ̀sán ni tiwọn, ọ̀gá wọn sì fẹ́ yára ju ẹgbẹ́ ti àná. Ẹ̀gbọ́n mi rí àwọn apẹja tí wọ́n ń fa ọkọ̀ wọn gòkè. Ìjórà ni ilé ìyá ìyá wa, ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó sọ fún ọ̀gá pé omi ti ń kún, kí wọ́n dúró kó fà. Ọ̀gá wo aago, kò wo omi. Ó bi í bóyá apẹja ni wọ́n gbà síṣẹ́ tàbí sójà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Òun ló kọ́kọ́ wọ omi.

Bàbá mi ló kọ́ wa pé tí a bá ti sọ̀rọ̀ fún àgbà lẹ́ẹ̀kan, ká dákẹ́. Bàbá mi dìde, ó wọ yàrá lọ.

Sójà náà ní omi ti dé àyà nígbà tí ẹsẹ̀ òun yọ̀.

“Èmi ló padà wá mú tó fi kúrò ní àyè rẹ̀, omi sì gbé òun lọ,” ó wí. “Mo sọ ọ́ níwájú àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Akọ̀wé wọn kò kọ ọ́.”

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí àwọn ológun, kò sí èsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ta nínú yín ló bi ọ̀gá náà pé kí ló dé tí kò dúró? Ta ló ní kí akọ̀wé má kọ ẹ̀rí sójà yẹn? Ta ló bu ọwọ́ lù ú pé ẹni tó gba ẹlòmíì là ló jẹ̀bi? Ẹ kọ orúkọ yín sí ìdáhùn náà.