Àdùnní Fi Àbẹ́là Wá Ihò

Ẹ má bẹ̀ mí, inú ń bí mi. Ọ̀rọ̀ Àdùnní ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rẹ́ mi tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Goresbrook, ní London níbí. Ilé àtijọ́ kan ní Becontree ló háyà lọ́wọ́ Bàbá Gbádébọ̀, àgbà ìjọ wa. Yàrá tí Dárasími ọmọ Àdùnní ń sùn ti bu, ara ògiri dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọdún kejì rèé tí ọmọ náà ti ń wúkọ́, tí àyà rẹ̀ ń dún fée-fée.

Gbogbo ìgbà tí Àdùnní bá pe lánlọ́ọ̀dù yìí, ìdáhùn kan náà ni: "Sister Àdùnní, steam ọbẹ̀ yín ni. Ẹ̀ ń sè jù! Ẹ máa open window now."

Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Nínú òtútù Jánúárì! Hítà ń jó láti àárọ̀, ìta ni gbogbo ooru rẹ̀ ń sá lọ.

Ammar, tó ń tún nǹkan ṣe níbi iṣẹ́ Àdùnní, ló ní kó gbé iná kékeré sún mọ́ fèrèsé àti etí ògiri. Ibi tí iná bá ti tẹ̀, ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé. Kí ló wà nílé ọmọ Aládùúrà bí kò ṣe àbẹ́là? Ní Sátidé tí afẹ́fẹ́ ń jà, èmi àti ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri. Ìdí fèrèsé ti là, abẹ́ pákó ilẹ̀ ti là. A yọjú sókè àjà, wọn ò tẹ́ ohunkóhun síbẹ̀ tó lè dá ooru dúró.

Ẹnu rẹ̀ la wà tí Bàbá wọlé. Bó ṣe rí àbẹ́là, ẹ̀rù bà á.

"Jésù! Sister, orúkọ mi lẹ̀ ń pè sí i?"

"Rárá, Bàbá. Ihò ni mò ń wá."

Ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ah, thank God! Ihò lásán? Ẹ jẹ́ ká wait till summer."

Díẹ̀ ló kù kí n bú u, àgbà ìjọ tàbí kì í ṣe àgbà. Àdùnní fi àbẹ́là náà sí i lọ́wọ́, ó mú un lọ síbi tí Dárasími jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń wúkọ́. "Bàbá, ẹ bá mi gbé e síbi ìrọ̀rí yìí."

Iná kú. Ó tún un tàn, ó tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú ìjọ wa, àmì ikú ni kí àbẹ́là kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni Bàbá fa fóònù yọ, ó ń pe àwọn òṣìṣẹ́.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn òṣìṣẹ́ ti dé, wọ́n ń dí ihò, wọ́n ń tẹ́ òkè àjà. Gbogbo ìjọ ń bá Àdùnní dúpẹ́. Èmi ò dúpẹ́ kankan o. Àbẹ́là kú mọ́ Bàbá lọ́wọ́, ẹ̀rù bà á. Pé ọmọ lè kú sínú ilé rẹ̀, ìyẹn ò bà á lẹ́rù.