Fáànù Tó Ń Han Gooro

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Aránṣọ. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi jókòó ti máṣíìnì ní yàrá iwájú ilé rẹ̀, tó ń gé ṣòkòtò tó gùn jù, tó ń tú kóòtù tó ti há mọ́ ẹni tó ni ín lára. Ó ṣòro kó tó bínú. Bí oníbàárà bá ní ọrùn aṣọ òun ò dọ́gba, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì tú u palẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a bínú. Eyínfúnjowó ló ń pe obìnrin náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun báláú, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bí kò bá bá rédíò jiyàn, á máa bá oníbàárà takurọ̀sọ títí onítọ̀hún á fi gbàgbé ohun tó bá wá.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú níbi tó ti ń fọ abọ́. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ sì ṣí kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Rárá" nìkan ló ṣẹ́ kù. Ṣé wàá mumi? "Rárá." Á sì nawọ́ gba ife. Ṣé oorun ti ń kùn ọ́? "Rárá," ojú rẹ̀ á sì ti pa dé. Aránṣọ á ní, "Eyínfúnjowó, o ti wá sọ mí di ògbufọ̀ nígbà ogbó mi." Ẹ̀rín á sọ lápá kan ẹnu rẹ̀, èyí tí ìdajì kejì kò lè bá a rín.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ irú wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni tiwọn, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Eyínfúnjowó pe "omi." Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, kedere. Aránṣọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sunkún bí ọmọdé.

Àfi bí òtútù ṣe dé, tí fáànù híítà tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ó kọ́kọ́ ń dún bí ìrẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń han gooro bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ha àpáta. Ẹlòmíràn ì bá fara dà á, ṣùgbọ́n láti ìgbà àìsàn yẹn, ariwo kékeré ń gún Eyínfúnjowó létí bí abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí fáànù náà ṣe ké, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ń pariwo "Rárá! Rárá! Rárá!" Èyí ò nílò ògbufọ̀. Ọkọ rẹ̀ pa híítà náà, wọ́n gbéra. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí èémí àwọn méjèèjì bo gíláàsì iwájú funfun, tí kò rí ọ̀nà mọ́, òtútù sì ti ká ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ jọ débi pé èékánná ń wọnú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ní oríta àkọ́kọ́, wọ́n yí padà sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, akọ̀wé ilé ìwòsàn pè é.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Àwọn tó ń dúró de àyè pọ̀ gan-an. Bí ẹ bá tún pa ọjọ́ kan jẹ, ẹlòmíràn la máa gbé àyè yín fún."

Ó pe mẹkáníìkì. Ìyẹn ní ó di ọjọ́ Ajé. Ti takisí, wọ́n ti dán an wò rí: àjèjì tó ń ti Eyínfúnjowó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ dẹ́rù bà á, ó pariwo títí awakọ̀ fi sọ wọ́n kalẹ̀. Báyìí ló ṣe di pé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Aránṣọ ti wà nílẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta nínú òtútù, orí rẹ̀ wà lábẹ́ pátákó iwájú ọkọ̀, tọ́ọ̀ṣì wà láàárín eyín rẹ̀.

Kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ti yọ àpótí kékeré tí wọ́n ń kó ìwé ọkọ̀ sí, ó sì ti rí ibi tí fáànù náà fara pamọ́ sí: ike dúdú roboto kan, tí wáyà wọ̀ lára, tí ìdè irin mẹ́ta tí wọ́n ń fi sukudiráfà tú sì dì mọ́ òkè. Ìdè méjì tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkẹta wà lẹ́yìn páìpù kan, níbi tí ojú ò tó, tí ọwọ́ náà ò sì fẹ́ tó.

Fóònù dún. Ọmọbìnrin wọn ni, tó ń gbé ní ìlú tó jìn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ ti ń múra?"

"A ti ń múra."

"Kí ló dé tí ohùn yín rí báyẹn?"

"Tọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́nu mi."

"Bàbá, ẹ ò ní sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń tú ọkọ̀ yẹn."

"Ó ti fẹ́ẹ̀ parí."

Irọ́ ni. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó tún na ọwọ́, sukudiráfà yọ̀, etí irin kan sì la ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó fi àjákù aṣọ dì í, ó ń bá a lọ. Ìdajì wákàtí gbáko ló fi bá ìdè kan ṣoṣo yẹn wọ̀yá ìjà. Nígbà tó tú, ike náà já lé e láyà, pẹ̀lú eruku, ewé gbígbẹ, àti ìtẹ́ eku.

Ó tú ìtẹ́ náà wò, ojú sì tì í: òwú àti àjákù kóòtù ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni, àwọn tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé wọnú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó rò pé òun ti rí ọ̀daràn mú. Ó gbọn gbogbo rẹ̀ dànù, ó fi búrọ́ṣì máṣíìnì nu àárín àwọn apá fáànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kán òróró máṣíìnì sí ìdí ọ̀pá rẹ̀, ó dì í padà. Kò tíì tó aago mẹ́jọ àbọ̀. Ó jókòó síbi ìwakọ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́." Ó ṣáná sí ọkọ̀.

Fáànù náà han ju ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ.

Gbogbo nǹkan tojú sú u. Kò mọ ìgbà tó fi ìkúùkù méjèèjì lu ìdarí ọkọ̀. Fèrè ké tòò, ó tún lù ú, fèrè tún ké. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó ń sọ̀rọ̀ kíkan sí irin tí kò létí. Nígbà náà ló gbọ́ nǹkan tó wó gbì nínú ilé.

Ó sáré wọlé. Fèrè yẹn ló ta obìnrin náà jí. Ó ti gbìyànjú àtidìde, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí orúnkún kan, ó fi ọwọ́ òsì di etí rẹ̀ kan, ìkejì kò sì rí ọwọ́ tó máa dí i.

"Èmi ni. Èmi ni, má bẹ̀rù. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni."

Ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbá a mọ́ra. Òróró dúdú ta sí ẹ̀wù oorun obìnrin náà. Kò lágbára àtigbé e dìde lójú ẹsẹ̀, nítorí náà wọ́n wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn arúgbó méjì, aago ògiri sì ń lọ. Ó ń rò ó pé bí àyè yẹn bá lọ, ta ló máa kọ́ ọ? Òun tí kò mọ̀ ju aṣọ lọ? Ṣé bí wọ́n á ṣe máa wo ara wọn títí láé nìyí, tí òun á máa méfò ohun tó wà nínú aya òun? Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àyè náà lọ. Ó ti la ẹnu.

Eyínfúnjowó rí ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ tó fi dì í. Ó gbá etí aṣọ náà mú, ó fi eyín àti ọwọ́ òsì fún un pọ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń di ẹrù. Ó sì tì í láyà. Ẹ dìde, ohun tí títì náà ń sọ nìyẹn.

Aránṣọ gbé e jókòó, ó bu tíì gbígbóná fún un, ó padà síta. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù.

Ọwọ́ ti mọ ọ̀nà báyìí. Ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tú kíá. Kò nu nǹkan kan mọ́. Ó gbé fáànù náà sórí ẹsẹ̀, ó fi ìka yí i díẹ̀díẹ̀, ó dẹtí sílẹ̀ bó ṣe máa ń dẹtí sí máṣíìnì tó bá fẹ́ yọnu. Ó yí i, kò dún. Ó yí i, ó ha ṣẹ́ẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó rí i: etí ike kan ti ń dán yanran níbi tó ti ń fi ara gbo ara. Àgbá tó di àwọn apá fáànù mú ti yọ̀ sísàlẹ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀, kò ju nínípọn èékánná lọ. Ojú ihò rẹ̀ ti fẹ̀, kò di ọ̀pá mú mọ́.

Ihò bọ́tìnnì tó bá fẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó sáré mú òwú tí wọ́n fi ń rán awọ, ó fi ìda pa á, ó wé e mọ́ ọ̀pá náà pinpin, ìlọ́po mẹ́fà, ó ti àgbá náà wọ̀ ọ́ títí ó fi le. Ó yí i. Kò ha.

Ó dì í padà láìmí. Ó ṣáná. Atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́rọ́ fẹ́ jáde, ó ń dún hùù, bí ẹni tó ń fẹ́ tíì kó tó mu ún.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú nígbà tó mú ìyàwó rẹ̀ jáde. Ní ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, obìnrin náà dúró gbọn-in. Ó tẹ́tí. Aránṣọ kò tì í, kò bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé, ọkọ rẹ̀ sì bá a gbé ọ̀tún.

Ọ̀nà gba ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n pẹ́. Akọ̀wé náà, ọmọbìnrin kan tó wọ suẹ́tà, wo aago, ó mi orí.

"Bàbá, ẹlòmíràn ti wọlé. Mo pè yín, ẹ ò gbé e."

Aránṣọ gbé ọwọ́ lé orí tábìlì láti fi di ara rẹ̀ mú. Akọ̀wé wo ọwọ́ dúdú náà àti ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára aṣọ. Ó wo obìnrin tó rọ̀ mọ́ apá rẹ̀, tí òróró wà léjìká ẹ̀wù tirẹ̀ náà.

"Ṣé ìjàm̀bá ọkọ̀ ni?"

"Rárá. Híítà ni."

Akọ̀wé tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. "Mi ò lè ṣe nǹkan kan sí tòní. Ṣùgbọ́n ẹ ti wá. Mo lè kọ ọ́ pé ẹ pẹ́ ni, pé ẹ ò pa ọjọ́ jẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè jáde nílé."

Ó dúpẹ́ títí ó fi sú ọmọ náà.

Nínú ọkọ̀, ó ṣáná, ó fi híítà sí ìwọ̀n kejì, nítorí kò tíì fọkàn tán ìkẹta. Ó fẹ́ yí ọkọ̀ padà nígbà tó rí i pé orí ìyàwó rẹ̀ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti sùn lọ fọnfọn, ó ń hanrun, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti là díẹ̀díẹ̀ lórí itan rẹ̀ nínú ooru náà. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò ti sùn báyẹn. Awakọ̀ kan lẹ́yìn wọn ń dúró de àyè tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, ó ń fi ọwọ́ béèrè bóyá wọ́n ń lọ.

Aránṣọ ju ọwọ́ sí i pé kó wá ibòmíràn.