Ẹran Iléyá Ilé Wa

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá egungun ẹran mọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rí. Ọ̀gá mi ní yunifásítì kó àpò egungun kan fún mi, tí a hú nínú ààtàn àwọn ará àtijọ́ lọ́nà Ìrẹsà, pé kí n sọ ẹran tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ti àgùntàn àti ti ewúrẹ́ ló ń da orí mi rú jù. Wọ́n jọra débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ ní egungun ẹran tó dá a lójú, kó máa gbé èyí tí a hú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Egungun tèmi wá láti ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá mi, àáfà ni wọ́n, pa ẹran Iléyá lọ́dún kan. Màmá mi sì di egungun rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Under G, àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń gbé. Mo sè é, mo fọ̀ ọ́, mo kọ "àgbò" sí i lára. Kí ni àáfà tún fẹ́ pa ní Iléyá?

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n kó iṣẹ́ mi sílẹ̀ ni mo ra ẹsẹ̀ àgbò lọ́wọ́ alápatà, torí egungun ẹsẹ̀ kan ti sọnù nínú tèmi. Mo sè é tán, mo gbé e ti èyí tó kù. Ti alápatà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Tèmi kúrú, ó sì fẹ̀ bíi ti ewúrẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti pè ní àgùntàn, òun ni mo fi wò ó.

Mo pe màmá mi. Mo bi wọ́n pé ẹran wo gan-an ni wọ́n fi egungun rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

"Òbúkọ ni bàbá ẹ pa lọ́dún yẹn," wọ́n ní. "Apá ò ká àgbò. A ti kun ún tán lẹ́yìnkùlé kí àwọn ará àdúgbò tó dé. Má jẹ́ kí bàbá ẹ gbọ́ pé mo sọ fún ẹ."

Ìdààmú mi wá di méjì. Orí páálí egungun tí a fi ń kọ́ṣẹ́ la máa ń kọ irú ẹran àti ilé tó ti wá sí, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń kà á. Ọmọ àdúgbò wa wà nínú wọn. Bí mo bá sì dákẹ́, irọ́ ni mo ń pa mọ́ àwọn òkú tó jẹ ẹran inú ààtàn náà.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Mo bá bàbá mi lórí ẹní ìkírun. Mo kúnlẹ̀, mo gbé egungun náà síwájú wọn, mo ní òun ló sọ fún mi pé òbúkọ ni, mi ò dárúkọ màmá mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ òbúkọ sórí páálí, pé Ọ̀yọ́ lásán ni màá kọ, mi ò ní kọ ilé wa.

Wọ́n dá egungun náà padà sí mi lọ́wọ́.

"Kọ ilé wa sí i," wọ́n ní. "Ọlọ́run tí mo pa á fún ti rí i pé òbúkọ ni. Àwọn aládùúgbò nìkan ni mo ń sá fún."