Ọdún Tí Ọyẹ́ Kò Dé sí Ọ̀kà

"Ẹ kú ọyẹ́" ni wọ́n ṣì ń kí ara wọn lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ òógùn ń ṣàn lójú ẹni tó ń kíni, ó ń ṣàn lójú ẹni tí wọ́n ń kí. Obìnrin kan wà tó máa ń ta ẹ̀kọ gbígbóná níbi tí a ti ń wọ mọ́tò láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní, ó kí mi bẹ́ẹ̀, mo sì bi í pé, "Ọyẹ́ wo, mà?" Ó fi etí ìró nu ọrùn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí wá ni ká máa kí ara wa, tísà? Ṣebí oṣù ọyẹ́ la wà."

Àwa tí wọ́n bí sórí òkè Ọ̀kà mọ ọyẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí oṣù Kejìlá bá ti dá sí méjì, kùrukùru á bo gbogbo ìsàlẹ̀, a ò ní rí ọ̀nà Àkùngbá mọ́ láti ẹ̀yìnkùlé wa. Omi inú ìkòkò á tutù débi pé kò sí ọmọ tó máa gbà kó kan òun lára. Ojú nìkan la máa ń bọ́ lọ sílé ìwé. Ètè wa á là, gìgísẹ̀ wa á sán, ìyá mi á wá tò wá síwájú ààrò, á máa fi òrí pa wá lára lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bú wa pé a rí bí ẹja gbígbẹ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti di àgbà obìnrin, tísà ni mí, ṣùgbọ́n mo ti padà sọ́dọ̀ ìyá mi lórí òkè, torí bàbá mi ti kú, n kò sì fẹ́ kó máa dá gbé. Ìyá mi ra òrí rẹ̀ sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sí ojú fèrèsé, ó ń retí ọyẹ́. Òrí náà yọ́, ó di òróró. Ìyá mi ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé ìka náà sókè, ó wò ó títí.

"Ọyẹ́ ò wá mọ́," ló sọ. Ó bu òrí náà sínú ìgò, ó dé e.

Ojú ọ̀run mọ́ kedere bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́. Láti ẹ̀yìnkùlé, mo ń rí òrùlé páànù lọ títí, gbogbo wọn ń tàn yanran lójú oòrùn. Kí n tó dé ìdíkọ̀ láàárọ̀, ẹ̀yìn bùláòsì mi á ti rin.

Ilé ìwé girama aládàáni kan ní Ìkàrẹ́ ni mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tísà ìjọba ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ bá wọn ru búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́, mo sì gbà á gbọ́, torí obìnrin tó lè ṣe é ni. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Òfin kan wà tí Màmá kì í fi ṣeré: láti ọjọ́ tí a bá ti wọlé lẹ́yìn ọdún tuntun, títí oṣù Kejì á fi parí, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹnu géètì wọlé láìwọ súwẹ́tà búlúù. Súwẹ́tà náà nípọn, ó sì ga lọ́rùn. Àwọn tísà náà ń wọ tiwọn. Ọmọ tí kò bá wọ̀ ọ́, ẹnu géètì ni yóò kúnlẹ̀ sí.

N kò dédé gbéjà ko Màmá. Jẹ́jẹ́ ni mo kọ́kọ́ lọ bá a lọ́fíìsì.

"Mà, ooru yìí pọ̀ fún súwẹ́tà. Bóyá kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé e lọ́wọ́, bí òtútù bá dé, kí wọ́n wọ̀ ọ́."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọyẹ́ ń bọ̀," ló wí. "Ọyẹ́ kì í ránṣẹ́ síni tẹ́lẹ̀ kó tó kọluni."

Mo ní ó dáa, mà. Mo jáde.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi ṣubú ní àsẹ́ńbílì. Ọmọ ìlú Àrìgìdì ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ nílé, torí náà Yorùbá rẹ̀ máa ń rọra jáde bí ẹni ń kàwé. Lọ́jọ́ náà, ìfilọ̀ gùn. Oòrùn ti yọ dé orí ilẹ̀ pápá, kò sí abẹ́ igi kankan, àwọn ọmọ tò lọ rẹrẹ nínú aṣọ òtútù. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ ń mì. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

Mo bọ́ súwẹ́tà lọ́rùn rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná. Ẹnì kan gbé omi wá, mo bù ú sí i lórí àti láyà. Nígbà tó lajú, ó sọ nǹkan kan lédè wọn. N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ta ni kò ní mọ ohun tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ń tọrọ? Mo gbé ife sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé wá, wọ́n gbé e lọ sábẹ́ òrùlé.

Mo bá dìde. Mo bọ́ súwẹ́tà tèmi, mo jù ú sílẹ̀, mo kọjú sí kíláàsì mi.

"Ẹ bọ́ súwẹ́tà yín."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo Màmá tó dúró ní fàráńdà. Kò sẹ́ni tó mira.

"Mo ní kí ẹ bọ́ ọ!"

Ọmọkùnrin kan kọ́kọ́ fà á gba orí yọ, lẹ́yìn náà ni gbogbo ìlà náà ń bọ́ ọ. Ẹ̀wù funfun wọn ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Àwọn kíláàsì yòókù ń fa ọrùn súwẹ́tà wọn, wọ́n ń wo ojú tísà wọn, àwọn tísà wọn sì ń wo ilẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n bọ́ ọ?" Ohùn Màmá dún láti fàráńdà.

"Èmi ni, mà."

Nígbà tó pè mí sí ọ́fíìsì, kò ní kí n jókòó. "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ? Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ."

"Mà, ọmọ yẹn dákú."

"Kò jẹun wá láti ilé ni."

"Ó jẹun, mà. Mo bi í."

Ó gbá tábìlì. "Lọ́la ní àsẹ́ńbílì, wàá kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí, wàá sọ fún wọn pé o ṣe àṣìṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má wulẹ̀ padà wá."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ìyá mi lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo jókòó tì í, mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ìyá mi kì í sọ Yorùbá inú ìwé. Èdè Ọ̀kà ló ń sọ, èmi ni mò ń tún un sọ báyìí.

"Lọ kúnlẹ̀," ló wí. "Ìkúnlẹ̀ kì í pa èèyàn. Nítorí ìwé tìrẹ, mo ti kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo lè bí lọ́mọ. Iṣẹ́ ò pọ̀ nílùú."

"Ìyá, tó bá jẹ́ pé mo ṣe àṣìṣe ni, n kò ní dúró kí ẹ sọ ọ́ kí n tó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀ lọ́la, àwọn ọmọ yẹn á gbà pé irọ́ ni ara wọn ń pa, nígbà tó ń sọ fún wọn pé ooru ń mú wọn."

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bu òmíràn. Mo rò pé inú ń bí i ni. Ó wá wí pé, "Bí o ò bá ní kúnlẹ̀, jẹun yó kí o tó lọ. Ẹni tó fẹ́ dúró níwájú èèyàn kì í dúró pẹ̀lú ikùn òfìfo."

Ó sì gúnyán lóòótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró tì mí títí mo fi fọwọ́ nu àwo. Mo wọ ẹ̀wù àǹkárá mi tó fúyẹ́ jù, mo fi súwẹ́tà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkàrẹ́.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì rí mi, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà dá mi dúró. Nígbà tí wọ́n gbàdúrà tán, Màmá nawọ́ sí mi. Mo lọ síwájú, lẹ́bàá òpó àsíá. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ le.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni mo wí. "Wọ́n ní kí n wá tọrọ àforíjì. Ọmọ tó dákú lánàá wà nílé wọn. Ẹ bá mi sọ fún un pé, lórúkọ gbogbo àgbà tó wà níbí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ooru ń mú. Ẹ ò purọ́. Ẹni tí ooru bá mú, ẹ̀wù òtútù kọ́ ló yẹ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, igbákejì ọ̀gá sáré lu agogo, gbogbo wọn sì wọ kíláàsì lọ pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn wọn. Mi ò ní sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Kò sí ọmọ kan tó bọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Mo ti múra fún ariwo, ṣùgbọ́n Màmá kò pariwo. Ó pa ilẹ̀kùn ọ́fíìsì dé, ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"O rò pé ìkà ni mí."

"Rárá, mà."

"Mo bí ọmọ kan rí. Àkọ́bí mi ni. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, ẹ̀wù péńpé ló wọ̀ lọ sílé ìwé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn." Ó na ọwọ́ náà, ó wò ó. "Òtútù àyà. Wọ́n ní á sàn. Kò sàn."

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ tún fojú rí irú rẹ̀ mọ́." Omi ń bọ́ lójú mi, ó ń bọ́ lójú òun náà.

Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó wọ awò rẹ̀. "Ó dáa," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "O ti kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti tán. Lọ wọ súwẹ́tà rẹ, kí o lọ sí kíláàsì."

Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ mi á wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo dìde.

"Mà, ọmọ yín ni mo kúnlẹ̀ fún. Títí láé ni màá máa kúnlẹ̀ fún un tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣubú lánàá, ooru ló mú un. Lórí ìyẹn, mi ò kúnlẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí. Ó fọwọ́ júwe ilẹ̀kùn.

Mo kó ṣọ́ọ̀kì àti rúlà mi. Ojú nìkan ni àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi fi kí mi. Ọ̀kan ṣoṣo ló sìn mí dé ìdíkọ̀, ó sì ń wẹ̀yìn lójú ọ̀nà. Inú oòrùn ọ̀sán gangan ni mo ti gun òkè padà sílé, inú mi bàjẹ́, ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ n kò tẹ orí ba.

Abẹ́ igi máńgòrò ìyá mi ni mo ti wá ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò nírọ̀lẹ́. Díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, wọ́n sì pọ̀ sí i nígbà tó yá. Tísà tó sìn mí dé ìdíkọ̀ ló ń wá sọ ohun tó ń lọ fún mi. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wọ súwẹ́tà gba ẹnu géètì wọlé, tí wọ́n bá ti dé inú, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìbàdí. Kò pẹ́ tí kíláàsì kejì fi ń ṣe é, tí ìkẹta náà fi ń ṣe é. Ọmọ Àrìgìdì yẹn kì í tilẹ̀ mú tirẹ̀ wá mọ́, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì á kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un. Màmá á kọjá láàárín wọn, á máa wo iwájú gan-an bí ẹni tí kò rí wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde pé ọjọ́ tí òtútù bá mú nìkan ni kí wọ́n wọ súwẹ́tà. Wọn kò dárúkọ mi. N kò sì retí pé kí wọ́n dá a.

Ilé ìwé mìíràn, níhìn-ín ní Ọ̀kà, ni mo ti ń kọ́ni báyìí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún rí Màmá. Èmi ni mo wọ mọ́tò kẹ́yìn ní Àkùngbá, òun ló sì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń lọ kí olókùú kan ní Ọ̀kà. Mo kúnlẹ̀ níwọ̀nba tí àyè gbà mí lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, mo kí i. Ó bèèrè ìyá mi. Mo ní wọ́n wà.

"Orí kunkun rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, mà."

Ẹnu rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, bóyá ẹ̀rín ni, n kò lè búra. Ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó sún wọlé kí n lè ráyè jókòó, dírẹ́bà sì kọjú mọ́tò sí òkè.