Ọ̀pá Ògùrọ̀ Lókè Orí Wa

Ọkọ mi ló ra wàhálà náà wálé. Mọ́tò òyìnbó kan tó jẹ́ alábòójútó oko rọ́bà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi kan ní Àyèká, ó sì wà níbẹ̀ títí koríko fi hù nínú rẹ̀. Irin ni òrùlé rẹ̀, ó ṣeé gbé kúrò bí ìdérí ìkòkò. Etí rẹ̀ ti dípẹtà, eku sì ti bímọ sínú aṣọ tó bo abẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ wo ọkùnrin yìí. A ò tíì ní ibùsùn gidi, a ti ní mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ ń jò." Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ó gbé òrùlé náà sórí àpótí nínú àgbàlá wa ní Òkìtìpupa. Ó fi sánpépà ha ìpẹtà rẹ̀ dànù, ó fi páànù dí àwọn ihò, ó sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, nítorí aránṣọ ni mí. Àmọ́ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó gbé aṣọ náà dúró, kó má baà wọ́ bo orí èèyàn, ti jẹrà tán. Ọmọ etíkun ni ọkọ mi, àárín apẹja ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó lọ gé ọ̀pá ògùrọ̀ létí odò, ó là á, ó yan án lórí iná, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti í tẹ ọ̀pá ìgèrè tí wọ́n fi ń dẹ ẹja.

"Ghá ghò ó!" ló ń pè mí ní èdè etíkun wọn, pé kí n wá wò ó, àfi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ó sì bá òrùlé náà mu lóòótọ́. Òwú lásán ò lè gbé e, nítorí náà okùn àwọ̀n tí ẹja ńlá ò lè já ni mo fi rán aṣọ náà mọ́ àwọn ọ̀pá ọ̀hún. Mo rán an pinpin. Mo sọ fún àwọn obìnrin àdúgbò pé ẹni tó bá lè tú u, kó máa pè mí ní ọ̀lẹ.

Ọdún yẹn ni ogun dé Òrè, tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n ti lé àwọn ọmọ ogun tó wá láti ìlà-oòrùn padà, ṣùgbọ́n ṣọ́jà kún ojú ọ̀nà, wọ́n ń dá mọ́tò dúró, wọ́n ń wá ìbọn. A ń gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ tí ará ilé wọn ò rí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní Oǹdó, a sì gbọ́dọ̀ lọ kí i. Mo ní ká wọ lọ́rì. Ọkọ mi ní kí ni òun wá fẹ́ fi mọ́tò òun ṣe.

Ká tó dé Òrè, wọ́n dá wa dúró. Ọmọ Yorùbá apá òkè ni ṣọ́jà tó wá bá wa, kò dàgbà ju àbúrò mi lọ, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Ó ní kí ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ti ba ọkọ mi, ó sì gbàgbé Yorùbá ilé ìwé, ti etíkun ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Irú Yorùbá wo nìyí?"

Ṣọ́jà náà nawọ́ wọ inú mọ́tò, ó tẹ aṣọ òrùlé. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan gbọọrọ tó le. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sún sẹ́yìn, ó gbé ìbọn sókè.

"Kí lẹ kó pamọ́ síbí?"

"Ọ̀pá ògùrọ̀ ni, sà," ni ọkọ mi wí.

"Ta ló ń fi ọ̀pá ṣe mọ́tò?"

Létí èmi gan-an tí mo rán an, irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà jọ.

Wọ́n fa ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó káwọ́ lérí. Ṣọ́jà mìíràn dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹnu ìbọn kọjú sí ìpàkọ́ rẹ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi ní kí n tú aṣọ náà.

Mo fà á, kò já. Mo fi èékánná họ ojú rírán rẹ̀, kò mì. Mo gun orí ìjókòó, mo fi eyín gé e títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde lẹ́nu mi, okùn ò gbọ́.

"O ò fẹ́ tú u," ni ṣọ́jà náà wí. "O mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ó le ni. Èmi ni mo rán an le."

Bọ̀dá ni mo pe ọmọ tí mo lè rán níṣẹ́. Mo ti tọ̀ sára, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ọkọ mi lẹ́yìn, ó ń gba Àdúrà Olúwa, tó bá dé ìdajì a tún padà síbẹ̀rẹ̀. Mo ń bú ara mi nínú pé àfọwọ́fà rèé, obìnrin yìí, ta ló bẹ̀ ọ́ ní iṣẹ́ àṣelekoko? Mo rò pé okùn yẹn ni yóò pa á.

Nígbà tí sùúrù ṣọ́jà náà tán, ó sọ ọ̀bẹ rẹ̀ sí mi. Mo ya aṣọ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọ̀pá kan já bọ́ lé mi léjìká, òórùn èéfín ṣì wà lára rẹ̀. Ṣọ́jà náà mú un, ó ṣẹ́ ẹ lórí orúnkún, ó wo inú rẹ̀ tó funfun, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó pe èkejì rẹ̀ wá wò ó. Wọ́n ní kí ọkọ mi dìde. Èmi ni mo lọ ki apá bọ abíyá rẹ̀, tí mo gbé e dìde.

A ò dé Oǹdó mọ́. Títí ogun fi parí, abẹ́ ọ̀pá lásán la jókòó sí nínú mọ́tò náà. Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò wa rìn hòòhò. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wò ó.

Lẹ́yìn ogun, ọkọ mi ra aṣọ tuntun, ó gbé e síwájú mi. Mo rán an, ó sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n lókè ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí wa mọ́tò, mo fi ibì kan sílẹ̀ láìrán, tó fẹ̀ tó kí ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ yẹ inú rẹ̀ wò wọ̀ ọ́. Ó rí i. Ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, kò sì sọ pé kí n rán an pa.