Òórùn Tí Wọ́n Ní Ó Ti Inú Ìkòkò Mi Wá

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Mission Bend, ní Houston, kò tíì bọ́ bàtà, ó fi ìka méjì dí imú, ó ní, "Ìyàwó, ilé yín ń rùn. Irú ni àbí ẹja gbígbẹ? Kò sẹ́ni tó máa ra ilé tó ń rùn báyìí."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí ó ṣíwájú ọkọ mi wá sáyé. Lójú rẹ̀, mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tí mò ń sọ yìí, n kò ní í ṣe é.

Iṣẹ́ bíbá èèyàn ra ilé àti títa ilé ni ó ń ṣe. Òun ló bá wa rí ilé yẹn nígbà tí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ṣì ń rá. Nígbà tí ọkọ mi wá rí ilé tuntun tó wù ú ní Fulshear, ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà ni yóò bá wa ta ti àtijọ́. Mo ní ṣé a ò lè wá ẹlòmíràn? Ó ní, "Ọmọ ìyá mi wà níbẹ̀, kí n wá gbé e fún àjèjì?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó dí imú yẹn, ó wọ ilé ìdáná mi, ó ń ṣí ìkòkò, ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, bí ọlọ́pàá tó ń wá ẹrù òfin. Ó ní títí ilé yóò fi tà, n kò gbọdọ̀ dáná ọbẹ̀ mọ́. Kí a máa ra oúnjẹ jẹ. Ọkọ mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, ó ń wo ilẹ̀. Mo ń retí kó sọ nǹkan. Ó sọ nǹkan lóòótọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí."

Mo ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe. Mo fọ kọ́tìnnì, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ nu ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo yọ asẹ́ éèsì tó ń mú ilé tutù, eruku ti bò ó bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù, mo fi tuntun sí i. Mo tú fáànù tó wà lókè sítóòfù, mo sì rí i pé kò gbé èéfín lọ síta rí láti ọjọ́ tí a ti débẹ̀. Ó kàn ń fà á, ó tún ń tú u padà sójú mi ni. Mo ṣí fèrèsé láàárọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ooru Houston mọ ohun tó wọlé. Ọ̀rinrin ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ilẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, òórùn náà sì ti le sí i.

Òórùn wà. N kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n imú mi mọ irú, ó mọ ẹja, èyí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi padà wá pẹ̀lú àpò kan tó kún fún àwọn ike olóòórùn dídùn tí wọ́n máa ń kì bọ ihò iná mànàmáná lára ògiri. Ó fi wọ́n sí gbogbo yàrá, kò yọ balùwẹ̀ sílẹ̀. Ilé ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù tí ìgò lọ́fínńdà ti fọ́. Ọmọ wa ní ikọ́ fée, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó jáde láti yàrá rẹ̀, ó di àyà mú, èémí rẹ̀ ń súfèé.

"Mọ́mì," ó ní, "àyà mi."

Mo gbé oògùn tó máa ń fà sẹ́nu fún un, mo jókòó tì í títí èémí náà fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yọ àwọn ike yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú pàǹtí níta. Ọkọ mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà sì pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kejì.

"Ta ló ní kó o yọ wọ́n?"

"Ọmọ mi ò lè mí, mà."

"Ó ti ń wúkọ́ tipẹ́. Ìwọ ni ò fẹ́ gbà pé ọ̀bùn ni ẹ́."

Èèyàn lè pe obìnrin ní aláìgbọ́n, kó gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ọ̀bùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń gbàgbé. Kò sì fi mọ sórí fóònù. Ní ọjọ́ Ìsinmi, obìnrin kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun gbọ́ pé irú ni kò jẹ́ kí ilé wa tà, pé òun mọ ọṣẹ kan tó dára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu mi korò títí ìsìn fi parí.

Mo wá ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́, kí n lè mọ̀ dájú. N kò dáná mọ́ rárá. Búrẹ́dì àti oúnjẹ inú páálí la ń rà jẹ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, òórùn náà kò lọ síbì kankan. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa rẹ̀ bí ajá. Kò sí ní ilé ìdáná. Ní pálọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Bí mo ṣe ń sún mọ́ yàrá ọmọ mi ni ó ń ki sí i. Mo ṣí klọ́sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo kó aṣọ rẹ̀ jáde, mo fi àtàǹpàkò tẹ ògiri ẹ̀yìn; pátákó fẹ́lẹ́, kì í ṣe sìmẹ́ńtì, ni wọ́n fi ń ṣe ògiri níbí.

Ìka mi wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀kọ tútù.

Mo mú òòlù. Inú ògiri náà ti bu, ó dúdú, ó tutù, ó ní irun bíi búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú ọ̀rá. Ibi tí ó fọ́ jẹ́ kí n rí ọ̀dà rẹ̀ ní ìpele ìpele. Àwọ̀ tí ọmọ mi yàn ló wà lókè. Ọ̀dà funfun tí a bá níbẹ̀ nígbà tí a rà á ló tẹ̀ lé e. Lábẹ́ funfun yẹn ni àbàwọ́n omi wà, pupa rúsúrúsú. Ẹnì kan ti bò ó mọ́lẹ̀ kí a tó kó wọlé.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo mú un lọ síbẹ̀. Kò yà á lẹ́nu. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rí.

"O mọ̀," ni mo wí.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ. "Omi éèsì ló ń jò láti àjà nígbà yẹn. Àǹtí ní kò tó nǹkan, pé kí ẹni tó ń tà á kàn kùn ún, kí ọjà má baà bàjẹ́. Mo rò pé omi náà ti dá."

"Ibẹ̀ ni ọmọ ń sùn láti ọjọ́ yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ tí mo kó jáde.

Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì wá. Mo mú un dúró síwájú ihò náà. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò sọ. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ fi pákó tuntun dí i, kí ẹ tún un kùn. Ọ̀dà kan wà tó ń pa òórùn. Ẹni tó bá rà á á mójú tó o."

"Ẹ jáde nílé mi, mà," ni mo wí.

Ọkọ mi ní, "Má bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ báyẹn."

"Bá wọn lọ, tó bá dùn ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí àbúrò. "O máa wò mí níran kí obìnrin yìí lé mi?"

Ọkọ mi rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i fún un. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá èmi ni ó gbè, àbí ó kàn ti sú u ni.

Àwọn tó wá tún ibẹ̀ ṣe dí imú àti ẹnu, wọ́n fi ọ̀rá bo ẹnu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n gé ògiri náà kúrò pátápátá. Wọ́n pààrọ̀ páìpù tó ń da omi éèsì nù lókè àjà àti ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú yàrá. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ilé Fulshear tí ọkọ mi fẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. A ra òmíràn tó kéré jù ú lọ ní àdúgbò kan náà. Èjẹ́ńtì mìíràn ló bá wa ta ti Mission Bend, gbogbo ẹni tó bá sì wá wò ó ni mo ń sọ ohun tó wà nínú ògiri náà fún. Àwọn kan dúpẹ́, wọn kò padà wá. Tọkọtaya kan gbọ́ ọ, wọ́n wo ibi tí a tún ṣe, wọ́n sì rà á.

Ọmọ mi ṣì máa ń lo oògùn rẹ̀ nígbà tí àtíkè òdòdó bá ń fò káàkiri. Kì í lò ó tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọkọ mi máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé rẹ̀ ní Rosenberg. N kò bi í ní ohun tí wọ́n sọ. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, mà," màá sì kọjá. Ìyàwó pásítọ̀ pè mí lẹ́yìn ìsìn kan, ó ní kí n jẹ́ kí ó tán, pé ẹbí ni wá.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ bá wọn bẹ̀ mí ni, mà?"

Ó ní rárá, pé èmi ni àbúrò, pé èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ.

Mo gbé báàgì mi, mo sọ fún un pé ọmọ ń dúró dè mí nínú ọkọ̀.